Ìbọn Tí Ọkọ Mi Kò Rí Tò

Òórùn òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ nígbàkúùgbà tí mo bá rántí yàrá yẹn. Òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú agolo kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni, èyí tí ìwọ náà mọ̀ dáadáa, nítorí ìdí ẹ̀rọ kan náà la jọ ti kọ́ṣẹ́. Òórùn kẹrosíìnì dà pọ̀ mọ́ ọn, àti ti irin tó ti dógùn-ún, àti ti awọ àtijọ́. Yàrá kan àti pálọ̀ la ní, ní ẹ̀yìn agbo ilé àwọn ọkọ mi ní Ọ̀wọ̀, ní ọdún kejì tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọyẹ́ ọdún náà mú gan-an. Eruku pupa a máa bà sórí tábìlì wa láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ọkọ mi a sì máa fi àjákù aṣọ àwọn oníbàárà mi bo ìfun ìbọn mọ́lẹ̀ kí eruku má bàa wọ̀ ọ́. Ìfun ló máa ń pè é. Bí mo bá bínú pé ó ti fi òróró ba aṣọ ènìyàn jẹ́, a ní kí n ṣe sùúrù, aláìsàn ni òun ń tọ́jú.

Iṣẹ́ Píwídí ló ń ṣe. Òun ni olórí àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe láti Ọ̀wọ̀ lọ sí apá Ẹlẹ́gbẹ̀ka. Ti ìbọn yìí, ohun tó fẹ́ràn ni, ilé ló ti ń ṣe é, lẹ́yìn iṣẹ́. Má ṣe rò pé ìbọn ọdẹ ni mo ń wí o, èyí tí wọ́n ń rọ ẹ̀tù sí. Ìbọn ẹyẹ ni, ìbọn òyìnbó tí kì í lo ẹ̀tù rárá. Sípíríǹgì gígùn kan ló wà nínú ikùn rẹ̀. Bí o bá ṣẹ́ ẹnu ìbọn náà wálẹ̀, sípíríǹgì yóò sún kì. Bí o bá fìka fà á, yóò nà padà lójijì, yóò ti awọ kan síwájú, afẹ́fẹ́ tí awọ náà tì ni yóò sì gbé ọta kékeré jáde. Àwọn tíṣà, àwọn akọ̀wé kóòtù àti àwọn oníkòkó ló ní in, wọ́n fi ń lé ẹyẹ àti ọ̀kẹ́rẹ́ lóko. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbọn yẹn dàgbà ju ọkọ mi lọ. Àwọn òyìnbó tó wà níbẹ̀ ṣáájú ogun Jámánì àkọ́kọ́ ló fi wọ́n sílẹ̀, awọ inú wọn ti gbẹ bíi pańla, sípíríǹgì wọn ti rẹ̀. Ọkọ mi a tú wọn, a fọ̀ wọ́n, a gé awọ tuntun sí wọn, a sì tò wọ́n padà.

Títú rọrùn, títò ló le. Sípíríǹgì yẹn ju ohun tí ẹnì kan lè fi ọwọ́ méjì ká lọ. Bí ó bá ti kù díẹ̀, a pè mí nídìí ẹ̀rọ mi, a ní, "Ìyàwó, wá tẹ̀ ẹ́." N ó gbé ìbọn náà dúró lórí pákó, n ó fi ìrépé igi lé e lórí, n ó sì fi àyà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Òun a lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, a máa wo ihò kékeré méjì títí wọn ó fi bá ara wọn mu, a sì ki irin kan bọ̀ ọ́ láti fi dè é. Ibẹ̀ gan-an la ti máa ń rẹ́rìn-ín. A ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ iyán Àkókó tí mo jẹ dàgbà, pé bí òun bá fẹ́ obìnrin tín-ín-rín, ìbọn kankan kò ní jáde nílé òun. Ọdún mẹ́ta péré la lò pọ̀. A kò bímọ. Mo sì ń sọ fún ọ láìtijú pé nínú gbogbo ìgbéyàwó yẹn, n kò rí ohun tó dùn mọ́ mi tó kí n fi àyà tẹ sípíríǹgì kí òun sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni lọ́rì tó kó òkúta wẹ́wẹ́ dojú dé ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan nítòsí Ẹlẹ́gbẹ̀ka. Iwájú lọ́rì náà ló jókòó sí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta la sin ín sí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo padà wọ yàrá, ìbọn kan wà lórí tábìlì tí ìfun rẹ̀ wà káàkiri, àjákù aṣọ òdòdó kan bò ó. Alẹ́ Ọjọ́rú ló tú u, ó ní tó bá di Satidé a ó jọ tò ó.

Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo wa, ṣùgbọ́n àwọn àgbà agbo ilé ní ṣọ́ọ̀ṣì kò pa opó rẹ́. Oṣù mẹ́ta ni kí n fi wọ dúdú, kí n má kọjá ẹ̀yìnkùlé. Wọn a gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà, wọn a kí mi láti òkèèrè, wọn a lọ. Ọ̀kà ní Àkókó ni wọ́n ti bí mi. Èdè Ọ̀wọ̀ yé mi, ṣùgbọ́n kì í yá mi lẹ́nu, nítorí náà kí n tó rí èsì sọ, ẹni tó kí mi a ti yí ẹ̀yìn padà. Ògiri kan ló là mí àti ìyá ọkọ mi. Mo máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wúkọ́, bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀, bí wọ́n ṣe ń bá adìyẹ wọn wí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí a ti sin ọmọ wọn, wọn kò yọjú sí mi, wọn kò sì pe orúkọ mi. Mo ti parí èrò sí i lọ́kàn: wọ́n gbà pé orí mi ló pa á. Obìnrin tí kò bí ọmọ fún ọkọ, tí ọkọ tún kú mọ́ lọ́wọ́, kí ni wọn ò ní rò sí i? Àwọn ọ̀sán mìíràn wà tí mo máa ń jókòó ti ẹ̀rọ mi, tí n ó máa yí i láìsí òwú, láìsí aṣọ, kí ohun kan lè ṣáà máa dún nínú yàrá. Mo dá wà. Mo ti gbìyànjú láti wá ọ̀rọ̀ tó dára ju ìyẹn lọ, n kò rí i.

Nígbà tí oṣù kejì ń parí lọ, ẹni tó ni ìbọn orí tábìlì dé. Kátíkísì àgbà kan ni, láti Ìsùàdà, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n gùn wá. Àlùfáà òyìnbó kan tó ń padà sílé ló fi ìbọn náà ta wọ́n lọ́rẹ, kò sì sí ohun tí wọ́n fẹ́ràn tó o láyé. Àbúrò ọkọ mi ló mú wọn wọlé. Nígbà yẹn, "Ọkọ mi kékeré" ni mo ń pe àbúrò ọkọ mi, bó ṣe yẹ ìyàwó ilé, "ẹ" ni mo sì ń kí i. Ṣùgbọ́n mo ti dàgbà báyìí, "ó" ni n ó pè é. Kátíkísì kí mi kú ara fẹ́ra kù, wọ́n gbàdúrà, wọ́n ní Olúwa yóò tù mí nínú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ìbọn. Mo ti kó ìfun rẹ̀ sínú abọ́ kan, mo gbé e jáde bó ṣe wà. Wọ́n wo sípíríǹgì náà títí, wọ́n ní kì í ṣe ti ìbọn àwọn. Mo béèrè bóyá wọ́n ti rí inú rẹ̀ rí. Wọ́n ní rárá, ṣùgbọ́n ìbọn tó ń já ẹyẹ bọ́ láti orí ìrókò, irú wáyà jákujàku báyìí kọ́ ló lè wà níkùn rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ pé àwọn atúbọn kan máa ń yọ irin dáadáa tà fún alágbẹ̀dẹ. Ọjọ́ tí opó bá parí, tí ẹbí bá jókòó láti pín ẹrù òkú, àwọn yóò padà wá. Bí ìbọn náà kò bá wà lódidi, tí kò sì yìn, àwọn yóò béèrè níwájú gbogbo àgbà ẹni tó ta ohun inú rẹ̀.

Mo wo àbúrò ọkọ mi, mo retí pé yóò gbèjà ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ṣí ẹnu, ó ní ta ló mọ ohun tí ènìyàn ń ṣe nínú yàrá ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ikú náà lọ, mo fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ikú ti mú un lọ, kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i. Ṣùgbọ́n kí wọ́n pe ọkùnrin yẹn lólè, òun tó máa ń wé èso kékeré sínú bébà kí ó má bàa sọ ọ́ nù, kí ó má sì sí níbẹ̀ láti dáhùn! Mo pinnu pé n ó to ìbọn náà fúnra mi, àti pé bí ẹbí bá jókòó, odidi ni wọn ó bá a.

Mo fi kẹrosíìnì fọ gbogbo irin rẹ̀, mo nù wọ́n. Awọ tó wà nínú rẹ̀ ti fọ́ wẹ́wẹ́, ọkọ mi kò sì tíì gé òmíràn. N kò lè jáde lọ ra awọ. Mo ṣí àpótí rẹ̀, mo mú bàtà tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi sísọ́ọ̀sì mi gé ahọ́n bàtà ẹsẹ̀ òsì. Èèwọ̀ ni o. Ẹrù òkú ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án kí ẹbí tó pín in. Nítorí kí wọ́n má bàa pe ọkọ mi lólè, èmi fúnra mi jalè. Mo gé awọ náà róbótó, mo fi téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ wọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo rán an bí mo ṣe máa ń rán ìdí fìlà, ó sì wọ inú rẹ̀ dáadáa.

Sípíríǹgì ló kù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ mi kò tó ihò. Bí mo bá fi àyà tẹ̀ ẹ́, n kò rí ibi tí n ó ki irin sí, bí mo bá sì bẹ̀rẹ̀ láti wò ó, àyà mi a ṣí kúrò lórí rẹ̀. Ìgbà kejì, ó ta mọ́ mi lọ́wọ́, ó bá òkè àjà, ó padà wá bá mi nípéǹpéjú, ẹ̀jẹ̀ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo gbìyànjú fún ọjọ́ mẹ́rin. Níkẹyìn, mo yọ ọ̀já kan jáde nísàlẹ̀ àpótí mi, ọ̀já tuntun tí ìyá mi fún mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó láti fi pọn ọmọ. N kò tíì fi pọn ẹnikẹ́ni rí. Mo fi so ìbọn náà mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mo ń fún un díẹ̀díẹ̀, mo ń yí i, títí ihò méjèèjì fi kojú ara wọn, mo sì ki irin bọ̀ ọ́. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Kì í ṣe ayọ̀, má tan ara rẹ. Mo rí i pé mo lè ṣe é láìsí i, inú mi sì bàjẹ́ pé mo lè ṣe é.

Àṣìṣe mi wà nínú òróró. Ẹ̀kán méjì péré ni ọkọ mi máa ń fi sí awọ. Mo rò nínú ara mi pé ohun tó ti gbẹ tó báyìí yóò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ẹ̀rọ ìránṣọ tó ti pẹ́ láìgba òróró. Mo rẹ awọ náà sínú òróró mọ́jú, mo tún da ìyókù sínú ikùn ìbọn. N kò mọ̀ pé bí òróró bá pọ̀ níbẹ̀, tí sípíríǹgì sì fi agbára ta, inú rẹ̀ a gbóná, òróró a sì gbiná lójijì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo ṣẹ́ ìbọn náà, mo dojú ẹnu rẹ̀ kọ àpò òwú, mo fà á. Ìró tó jáde kì í ṣe ti ìbọn ẹyẹ. Ó dún gbàù bí ìbọn ọdẹ, èéfín funfun bo yàrá.

Ìwọ náà mọ ohun tí ìró ìbọn túmọ̀ sí nílé òkú. Ìbọn ni wọ́n fi ń kéde pé àgbà ti sùn, ìbọn ni wọ́n fi ń sin ín. Kí èéfín tó lọ, ilẹ̀kùn mi ṣí. Ìyá ọkọ mi ló dúró síbẹ̀, láìwé gèlè, láìwọ bàtà. Wọ́n wo ojú mi tó wú, wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ, wọ́n wo ìbọn tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì di ẹnu ọ̀nà mú.

Wọ́n fi èdè Ọ̀wọ̀ pè mí lọ́mọ, wọ́n ní, "Ọma mi, mo rò pé ìwọ náà ti tẹ̀ lé e ni."

Àwọn ará agbo ilé ti ń sáré bọ̀. Ìyá yíjú sí wọn, wọ́n ní ìkòkò ló bẹ́ lórí iná, kí kálukú padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Irọ́ gbáà, a ò sì rí iná kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ìyá olófò jiyàn? Wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọn kò mọ ibi tí wọn ó jókòó sí. Wọ́n ń wo bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń wo kóòtù ọmọ wọn tó kọ́ sára ògiri. Ìgbà náà ni wọ́n sọ fún mi pé àwọn àgbà ló dá àwọn lẹ́kun. Ìyá kì í rí òkú ọmọ rẹ̀, kì í dé ibojì rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ wọ yàrá rẹ̀ títí opó yóò fi parí. Wọ́n ní àwọn kò pè mí láti ẹ̀yìn ògiri nítorí pé bí àwọn bá gbọ́ ohùn mi, ẹkún ni yóò jáde, wọ́n sì ti ní kí àwọn má sunkún síta. Oṣù méjì gbáko ni àwa méjèèjì fi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kan, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan rò pé ẹnì kejì ń bínú.

Mo sọ ọ̀rọ̀ kátíkísì fún wọn. Wọn kò tíì gbọ́ ọ. Wọ́n ní kí n tú ìbọn náà.

Iná òróró ti ya awọ mi sí méjì. Mo ní láti gé ahọ́n bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún náà, ìyá rẹ̀ sì ń wò mí tí mo ń gé e, wọn kò sọ pé èèwọ̀ ni. Mo nu ikùn ìbọn gbẹ, ẹ̀kán òróró méjì péré ni mo fi sí i. Nígbà tó kan sípíríǹgì, mo fi ibi tí wọn ó ti tẹ̀ ẹ́ hàn wọ́n. Wọ́n kéré lára, wọ́n fi àyà tẹ̀ ẹ́, kò mira. Mo ní láti gbé ọwọ́ òsì mi lé wọn lẹ́yìn, kí n máa tẹ àwọn náà. Wọ́n yíjú sí mi bẹ́ẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wà lórí igi.

"Ṣé èyí lẹ máa ń ṣe," ni wọ́n béèrè, "tí ẹ fi máa ń rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Wọ́n ní àwọn ti fi ọdún mẹ́ta rò pé àwọn ni a ń fi rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín fúnra wọn, omi sì ń bọ́ lójú wọn sórí igi náà, èmi kò sì lè nù ún nítorí ọwọ́ mi méjèèjì dí. Mo lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn náà, mo ń wo ihò méjèèjì bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ara wọn, mo sì rántí pé ibi tí ọkọ mi máa ń lóṣòó sí ni mo wà. N kò tíì wò ó láti ibẹ̀ rí. Láti ibẹ̀, ojú ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lo máa ń rí. Mo ki irin bọ̀ ọ́.

Ọjọ́ tí ẹbí jókòó, kátíkísì dé kí oòrùn tó ga. Mo gbé ìbọn wọn fún wọn lódidi, mo ti fi epo díẹ̀ ra igi rẹ̀. Wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n ní kí wọ́n gbé agolo mílíìkì kan lé orí ọgbà. Wọ́n yìn ín, agolo ṣubú. Wọ́n tún gbé e lé ibẹ̀, wọ́n sún sẹ́yìn dé ìdí ọsàn, wọ́n yìn ín, ó tún ṣubú. Wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀ láti gbé agolo náà, wọ́n ki ìka bọ ihò tí ọta dá sí i lára. Nígbà tí wọ́n padà dé iwájú àwọn àgbà, ohùn wọn ti rọ̀.

Wọ́n ní, "Ẹ má bínú sí mi. Ọmọ yín ti parí iṣẹ́ mi kó tó lọ, kíkó o padà sínú lásán ló kù nígbà tí mo rí i. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyí, mo mọ̀ ọ́n."

Àwọn àgbà mi orí. Àbúrò ọkọ mi wolẹ̀. Ẹnì kan nínú àwọn àgbà bi mí bóyá bẹ́ẹ̀ ni, pé ọkọ mi ti parí rẹ̀. Mo wo ìyá ọkọ mi láàárín àwọn obìnrin, wọ́n sì ń wò mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti parí rẹ̀.

Wọ́n pín ẹrù. Àbúrò rẹ̀ ló kó irinṣẹ́, kò pé oṣù kan tó fi tà wọ́n. Bàtà tí kò ní ahọ́n bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ìyá àgbà kan, a kò sì gbọ́ pé ó ṣàròyé. Èmi padà sí Ọ̀kà, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, ìyókù ayé mi sì ṣojú rẹ. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn Kérésìmesì, mo máa ń lọ kí ìyá ní Ọ̀wọ̀, títí tí àwọn náà fi lọ.

Mo ti bi ara mi léèrè rí ìdí tí n kò fi sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ òun ló parí rẹ̀. Ọkùnrin tó fi ojoojúmọ́ ayé rẹ̀ parí iṣẹ́ oníṣẹ́ kò yẹ kó lọ kí iṣẹ́ ẹnì kan wá kù lórí tábìlì rẹ̀, mo sì lè fún un ní ìyẹn, nígbà tí n kò lè fún un ní ọmọ. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún ọ: ó dùn mí. Bí kátíkísì ṣe gun kẹ̀kẹ́ wọn lọ, ó ṣe mí bíi kí n sáré tẹ̀ lé wọn, kí n sọ pé èmi ni, ẹ wo ojú mi, àpá rẹ̀ nìyí. N kò sáré. Mo padà sínú yàrá. Ìyá nìkan ló mọ̀ ọ́n lẹ́yìn mi, wọ́n sì ti lọ láti ogún ọdún ó lé. Láti ìgbà náà, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n, títí di àárọ̀ yìí tí mo sọ fún ọ.